Kírímù Kíkan Mama Barbora

Mo ti ń yí i láti bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo jókòó sórí àpótí kékeré nínú kíṣìnì Mama Barbora ní Thamesmead, báásìn omi gbígbóná kan wà níwájú mi, báásìn omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abọ́ amọ̀ tí kírímù kíkan wà nínú rẹ̀ wà nínú omi gbígbóná. Mo fi ọwọ́ òsì di etí rẹ̀ mú, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ṣíbí igi nínú rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ni a ń yí i sí. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí ènìyàn bá ń kánjú, bọ́tà á yapa kúrò lára kírímù, gbogbo rẹ̀ á sì di omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yapa mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìdajì kírímù tí ọmọ Mama rà ti bá a lọ, èmi tí n kì í da omi tí mo fi fọ ìrẹsì nù.

Idiat dúró nídìí síńkì, ó ń fọ pòtétò. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, òun ló sì máa ń wá sọ́dọ̀ Mama Barbora ní alẹ́ nígbà tí Mama ṣì wà nílé yìí. Ó wo inú abọ́ mi, ó mí kanlẹ̀.

"Auntie, gbogbo wàhálà yìí nítorí nǹkan tí wọ́n máa fi jẹ pòtétò. Kẹ́ ẹ sáà ra mayonnaise, kẹ́ ẹ bu iyọ̀ sí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Mama á mọ̀."

"Mama tó wà ní mọ́ṣúárì? Auntie, ẹ ti di òyìnbó Lithuania pátápátá."

"Kì í ṣe Lithuania," mo ní. "Žemaitėjė."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí pòtétò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mama Barbora ló kọ́ mi láti máa ṣe ìyàtọ̀ yẹn. Ìwọ̀ oòrùn Lithuania ni ilẹ̀ wọn wà. Samogitia ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ṣùgbọ́n Žemaitėjė ni lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Wọ́n ní èdè tiwọn, tí àwọn ará Lithuania tó kù kì í gbọ́ tán. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé olóríkunkun ni wọ́n, pé bí iná bá ń jó ilé ará Samogitia, á kọ́kọ́ jẹun tán kó tó jáde. Mama fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ará Lithuania, á gbé ìka kan sókè: ibi tí wọ́n bí òun sí ná, kó tó kan Lithuania. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ìjẹ̀ṣà ni èmi náà kí n tó jẹ́ ohunkóhun mìíràn.

Abúlé kan nítòsí ìlú Telšiai ni wọ́n ti bí i. Ó ń lọ ọmọ ọdún méje nígbà tí ogun lé wọn jáde lọ́dún 1944, òun àti bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Wọ́n gbé nínú àgọ́ ní Jámánì fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó rí ọ̀nà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún mi pé bàbá bàbá òun a máa fi ìwé àdúrà pamọ́ sínú àpò ìyẹ̀fun láyé ìgbà tí ọba Rọ́ṣíà fòfin de ìwé wọn. Ó ní ní London níbí, nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ Lithuania ẹgbẹ́ òun a máa fi bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, òun a sì dákẹ́. Nígbà tó fẹ́ ọkọ, ọmọ Woolwich tó ń ṣiṣẹ́ ní Arsenal, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi tọ́ Rosaline, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ohun tó kù lọ́wọ́ Mama láti ilé ìyá rẹ̀ kò ju oúnjẹ yìí lọ. Kastinys ni orúkọ rẹ̀.

Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú. Kò fẹ́ kéèkì níbi ìsìnkú òun, kò fẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran há láàárín. Pòtétò gbígbóná tòun ti èèpo ni, àti kastinys tí a fi ọwọ́ yí. Rosaline pe ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Lithuania ń lọ. Wọ́n ní àwọn á rán ọkùnrin méjì wá, tí yóò kọ orin Kalvarija, orin tí àwọn ará Samogitia ń kọ síwájú òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi àwọn obìnrin ibẹ̀ léèrè kastinys, wọ́n ní inú ike làwọn ń rà á, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n yí ti kú tán. Rosaline fúnra rẹ̀, ọmọ ọgọ́ta ọdún, kò mọ̀ ọ́n yí. Ọ̀la ni ìsìnkú. Ìdí nìyẹn tó fi pè mí. Ó ní èmi nìkan ni ìyá òun kọ́.

Kò béèrè ìdí tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ mi.

Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni mo fi kàwé. Ní Iléṣà, ẹ̀kọ́ a máa dé láti Èkó nínú àpòòwé, màá kà á, màá kọ ìdáhùn, màá fi í ránṣẹ́ padà, màá dúró di ìgbà tí máàkì bá dé. Kò sí tíṣà tó dúró tì mí. Bí mo bá jí ìwé wò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò jí ìwé wò rí. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn nínú ara mi, mo sì mú un wá sí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú físà iṣẹ́ ìtọ́jú. Mo ń dé ibi iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àkókò. Ìwé òfin tí iléeṣẹ́ wa fún wa, mo kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

Nínú òfin náà, oúnjẹ tó bá wà níta fíríìjì, tí kò sí déètì lára rẹ̀, kí a dà á nù.

Ó di ọjọ́ Tuesday kan lóṣù kejì ọdún tó kọjá. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fún mi lọ́dọ̀ Mama láàárọ̀. Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti fún un lóògùn, ó wà nínú yàrá ńlá níwájú rédíò. Mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo rí ìgò ńlá méjì lójú fèrèsé, aṣọ mímọ́ ni wọ́n fi bo ẹnu wọn. Mo ṣí ọ̀kan. Kírímù inú rẹ̀ ti kan. Mo gbé méjèèjì lọ síbi síńkì, mo dà wọ́n nù, mo fọ ìgò, mo dà wọ́n dé. Mi ò bi Mama. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, nítorí àkókò mi ti tán, arúgbó mìíràn sì ń dúró dè mí ní Abbey Wood.

Ní ilé mi ní Barnfield Estate láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ike ògì kan wà lábẹ́ tábìlì tí mo ti rẹ láti ọjọ́ Sunday. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó jáde, mo sì wí lọ́kàn pé ó ti ń kan dáadáa. Kíkan tiwa, oúnjẹ ni. Kíkan tiwọn, mo kà á sí ìbàjẹ́.

Nígbà tí mo padà wá lọ́sàn-án láti fún Mama lóúnjẹ, Rosaline wà níbẹ̀. Ó gba àyè níbi iṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá kọ́ kastinys, lónìí lọ́la, lónìí lọ́la, ọjọ́ náà ló wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni Mama fi mú kírímù náà kan dè é. Nígbà tí mo wọlé, Mama wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó ti wo gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Rosaline dúró tì í, ó ń bi í bóyá ó dá a lójú pé ó gbé nǹkan síbẹ̀.

Mama gbé ojú sókè, ó rí mi. Ó nawọ́ sí mi.

"Obìnrin yìí ló dà á nù."

Rosaline yíjú sí mi. Ojú ti ń tì í. Ó bi mí pé ṣé mo rí ìgò kankan lójú fèrèsé.

Mo ní rárá.

Oṣù mẹ́fà péré ni mo tíì lò nílẹ̀ yìí. Mo ti gbọ́ nípa obìnrin kan tí ẹbí arúgbó fẹjọ́ rẹ̀ sùn níbi iṣẹ́, tí wọ́n dá a dúró, tí físà rẹ̀ sì bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kọ́. Mo tún rò ó pé èmi Mọ́wùnmí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Rosaline sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Má bínú, Mọ́wùnmí. Kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń daṣẹ́ sílẹ̀."

Mo sọ fún un pé kò burú, pé a máa ń rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Mo gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Rosaline ti ń ṣọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọdé. Láàárín oṣù kan, ó ní kí wọ́n gé gáàsì kúrò lára sítóòfù. Ohun gbogbo tí Mama bá gbàgbé, bí gbogbo arúgbó ṣe ń gbàgbé, Rosaline á kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ní oṣù kẹfà wọ́n mú Mama lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Shooters Hill. Kò fẹ́ lọ. Nínú ilé rẹ̀ yìí, ó máa ń jókòó sójú fèrèsé wo adágún omi àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ, ó ní adágún kan wà ní Telšiai tó jọ ọ́. Ní Shooters Hill, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀, òtútù àyà pa á.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Ó ku ohun kan.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Tuesday yẹn, nígbà tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Mama, ó bi mí láìbínú pé ṣé èmi ni mo dà á nù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún Rosaline. Mo ní ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé á gbé fóònù pe Rosaline.

"Èmi náà mọ ẹ̀rù," ó ní. "Wá ní Saturday, nígbà tí o ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí o dà nù, o máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Èmi? Mi ò ní bẹ ọmọ tí mo bí pé kó gbà mí gbọ́. Ìwọ lo máa sọ fún un."

Saturday méje ni mo lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, mo mú ìwé àti bírò dání, mo ti kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà láti ọ̀kan dé mẹ́wàá. Ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Kò nílò sítóòfù, omi kẹ́tùlù tó o. Á jókòó tì mí, á máa wo ọwọ́ mi. "Sok," á wí, ìyẹn ni pé kí n yí i, lédè wọn. Bí mo bá ń kánjú, á fi ìka lu ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ilé wọn nígbà náà, ó tún ń bi mí nípa ti wa, nípa bí a ṣe ń sẹ́ ògì, ọjọ́ mélòó ló fi ń kan. Mo sọ fún un. Ó wò mí títí. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Gbogbo Saturday tí mo bá ń lọ, á bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá mo ti sọ. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Shooters Hill, kò bi mí mọ́.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún Idiat nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó sin Mama. Nígbà tó fọ pòtétò tán, ó nu ọwọ́, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí Rosaline tó ń di ẹrù nínú yàrá.

"Auntie mi, òkú ti kú. Ẹ fẹ́ fi ẹnu ara yín kó bá ara yín? Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn sin ìyá ẹ̀ ní àlàáfíà. Tí ẹ bá sọ ọ́, ta ló máa ṣe láǹfààní? Ẹ̀yin lọkàn yín máa fúyẹ́, òun ló máa gbé e."

Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun kàn ní aago mọ́kànlá. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó yapa lẹ́ẹ̀kẹta o. Kírímù ti tán."

Ó ti ń funfun nígbà tí Rosaline wọlé. Ó ń gbé páálí kan tó kún fún aṣọ Mama. Ó gbé e sílẹ̀, ó fara ti fíríìjì, ó ń wo abọ́. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọ̀la, aago tí ọkọ̀ máa dé, àwọn ọkùnrin olórin méjì náà. Lẹ́yìn náà ló ní ohun tó ń dun òun jù ni pé òun pẹ́ jù. Ó ní lọ́jọ́ tí òun wá kọ́ ọ, Mama kò mọ ibi tí kírímù wà mọ́. Ó ní ọdún kan ṣáájú ikú ìyá òun ni òun ti pàdánù rẹ̀.

Mo lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Idiat ṣì wà létí mi, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ pé ni wọ́n fẹ́ sin lọ́la, ọmọ rẹ̀ sì ń sin wèrè.

"Mama mọ ibi tó wà," mo ní. "Lójú fèrèsé, lẹ́yìn kọ́tìnì. Èmi ni mo dà á nù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ bi mí, mo purọ́ fún yín. Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ Mama."

Mi ò dá ọwọ́ dúró. Bí a bá dá ọwọ́ dúró nígbà tó ti ń funfun, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Rosaline kúrò lára fíríìjì. "Mo bẹ̀ ọ́ nítorí ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo di ọwọ́ rẹ mú níbí yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mú un kúrò nínú ilé rẹ̀."

Ó jáde kúrò nínú kíṣìnì. Mo gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá Mama, tó tì í. Mi ò gbọ́ ohun mìíràn. Mo gbé abọ́ kúrò nínú omi gbígbóná sínú omi tútù, mo ń yí i. Mo dá a padà sínú gbígbóná. Mo rò pé kò ní padà wá, pé màá parí rẹ̀, màá bò ó, màá lọ.

Ó padà wá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, kò wọlé, ọwọ́ mi ló ń wò. Mo dẹ ìyípo náà kí ó lè rí i. Nígbà tí mo tún gbé abọ́ sínú omi tútù, ó sọ̀rọ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó tó gbé síbẹ̀?"

"Etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán," mo ní. "Kó tó yọ́ ni o. Bó bá yọ́, ó ti pẹ́. Nínú tútù, ẹ máa yí i títí ṣíbí á fi wúwo lọ́wọ́ yín. Ẹ ó wá dá a padà."

Ó dúró níbẹ̀ títí. Mo ṣe é lójú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta sí i, gbígbóná, tútù, gbígbóná, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, títí ó fi wú, tó funfun, tí ṣíbí dá dúró láàárín rẹ̀ láìṣubú. Mo rún aáyù sí i, mo bu iyọ̀ sí i. Mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì.

Rosaline wá síbẹ̀. Ó fi ìka bù ú, ó fi sẹ́nu, ó di ojú. Nígbà tó lajú, ó fa iyọ̀ mọ́ra, ó fi ìka méjì bù ú sí i, ó gba ṣíbí, ó yí i. Apá ibi tó yẹ ló yí i sí. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Báyìí ló ṣe máa ń rí," ó ní, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Mo fọ báásìn méjèèjì, mo nu tábìlì, mo fi aṣọ mímọ́ bo ẹnu abọ́.

"Má wá lọ́la," ó wí. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Mo gbọ́," mo ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀ràn ènìyàn."

Mo wọ ẹ̀wù òtútù mi, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì Woolwich ń dúró sí.